Ìyá Ìyàwó Mi àti Yàrá Ìsàlẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé àwọn àna mi ní Pópó Àgùdà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi náà ti kú báyìí, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè bá mi rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibà dá ìyá dùbúlẹ̀ ní ìgbà òjò. Nígbà tí ó fi máa gbádùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Ní ilé yẹn, àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ, yàrá ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, kí ó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Kò sí ẹni tí ó tún padà sókè nínú wọn. Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ má gbé mi síbẹ̀ o," ni ó ń sọ fún wa.

Dókítà kan ní ọsibítù tí a ń lọ ń ṣe ìwádìí nígbà náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ orí ni ó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àgbà, tàbí ìjókòó. Ìbò ni ó fi pín àwọn arúgbó tí wọ́n gbà. Apá kan á máa gba ìtọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀; apá kejì á máa dìde lórí àga láìfọwọ́ti nǹkan, wọn á máa gun àtẹ̀gùn, wọn á sì máa fi ọwọ́ ara wọn mú ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ìyá bọ́ sí apá kejì. Ìyàwó mi béèrè pé ṣé yóò ṣiṣẹ́.

"N kò tíì mọ̀, màdáàmù. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu."

Ìtìjú ni ó nira jù. Ta ni wọ́n kọ́ nínú wa pé kí ó jókòó, kí àgbà máa bu omi? Bí ìyá bá ti fẹ́ dìde, ọwọ́ wa ti nà. Aládùúgbò kan rí i ní ìdí ẹ̀rọ omi, ó ké sókè:

"Ẹ wá wò ó o! Ọmọ ti sọ ìyá rẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀!"

"Ó ń sanwó oṣù fún mi," ni ìyá wí. "Ìwọ ńkọ́, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ ẹnu?"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n ìyá, olórí ẹbí. Ó wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní kí a gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sísàlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá ẹ lo wá ń fi dánrawò?"

"Ẹ má bínú, sà," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ jẹ́ kí dókítà parí."

"Bó bá ṣubú ńkọ́?"

Ohun tí ìyàwó mi náà ń bẹ̀rù nìyẹn.

"Bọ̀dá mi, ẹ mu omi ná," ni ìyá wí. Ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bu omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e, ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó. Ìyá pẹ́ kí ó tó gòkè, ó ń mí gúlegúle, omi díẹ̀ sì ti dà sí i láṣọ. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ṣàìsàn, orí ìjókòó ni ó ti ń kí i. Ọkùnrin náà na ọwọ́ láti fà á dìde.

"Ẹ mu omi yín, bọ̀dá."

Ó gbé orúnkún kan, ó sinmi, ó gbé èkejì.

Ẹ̀gbọ́n náà mu omi tán, kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Nígbà tí ó ń lọ, ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá dókítà náà ṣì ń gba ènìyàn.

Òkè ni ìyá wà títí ó fi kú. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn tí òun wò kò pọ̀ tó láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ìyàwó mi kò bá a jiyàn.