Bí Mo Ṣe Tún Ìwé Òfin Àdúgbò Wa Tẹ̀

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa ní Mowe. Èmi nìkan ni mo ní kọ̀ǹpútà láàárín wọn, ni wọ́n bá ní kí n tẹ ìwé òfin àdúgbò. Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo lò, èyí tó jẹ́ pé bí ìwé ṣe máa rí lórí bébà ló ń rí lójú kọ̀ǹpútà, téèyàn á máa fọwọ́ ara rẹ̀ to ojú ìwé. Èmi ni mo fọwọ́ kọ gbogbo nọ́ńbà òfin. Mo tiẹ̀ fi àwòrán òdòdó sí ẹ̀yìn ìwé, mo wá ń yan kiri bí ọ̀gá.

Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ìpàdé bá fi òfin kan kún un ni nọ́ńbà ń dàrú. Lọ́jọ́ kan, alága kà á síta pé ẹni tó bá gbé mọ́tò dí géètì, kó lọ wo ìjìyà rẹ̀ nínú òfin kẹtàdínlógún. A ṣí i, ọ̀rọ̀ adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri la bá níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ojú sì tì mí gan-an. Alága ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn á wá akọ̀wé mìíràn.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ló fi ọ̀nà kejì hàn mí. Níbẹ̀, àṣẹ lèèyàn ń kọ sáàárín ọ̀rọ̀: òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ níbí, tọ́ka sí òfin géètì níbí. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa to ìwé, tó sì máa fún òfin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí mo bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo, ìwé ò ní jáde. Mo bú àbúrò ìyàwó mi lójú, mo bú u lẹ́yìn, síbẹ̀ mo fi ọ̀nà náà tún gbogbo ìwé òfin tẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà tán, ni ìyá tó kọ́kọ́ kọ́lé ládùúgbò bá dìde.

"Kò sí òfin aláboyún níbẹ̀ o! Bí obìnrin bá ń rọbí, ta ló máa ṣí géètì? Òfin àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe."

Alága kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ó ti tún di oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Mo ṣí kọ̀ǹpútà tí mo gbé wá.

Bàbá tó jókòó tì mí yọjú wo kọ̀ǹpútà. "Ha! Ó ti bà á jẹ́! Kí ni gbogbo wúruwùru yìí?"

Mo kọ òfin ìyá náà sókè pátápátá, mo ní kí kọ̀ǹpútà tò ó, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ tó wà nílé alága, níbi tí a ti ń ṣèpàdé. Alága wọ awò ojú rẹ̀. Ó ṣí ibi tí ìwé ní kó ṣí, ó bá ìjìyà géètì níbẹ̀. Ó dán òmíràn wò, ó tún dán òmíràn wò, títí ó fi pé mẹ́sàn-án.

"Gbogbo ẹ̀ ló pé!" ló pariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá náà jó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Lónìí, bí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà kékeré, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń lò, nítorí ó yá. Wọ́n ti yìn mí níbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n tiẹ̀ ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi bí ọjọ́ tí àwọn àgbà fi ojú ara wọn wá àṣìṣe mi, tí wọn ò rí i.