Aṣọ Pupa Apá Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé kú ní Ìláròó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Aṣọ pupa iṣẹ́ ṣì wà lápá rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì yẹ kó ti àwọn kan jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí aṣọ náà wà fún. Ojú irin kan ṣoṣo ló so Ìláròó pọ̀ mọ́ Pápálántò. Àmì tó ń sọ fún dírẹ́bà bóyá ojú irin ṣófo ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́jọ. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń so aṣọ pupa mọ́ lápá. Rélùwéè kankan kò gbọ́dọ̀ gbéra àfi tí ẹni náà bá wà nínú ẹ́ńjìnnì, tàbí tó bá fẹnu ara rẹ̀ ní kó máa lọ. Níwọ̀n bí ènìyàn kan kò ti lè wà níbi méjì, ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lójú irin. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni bàbá fi ara rẹ̀ ṣe àmì.

Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ti ti bodà pa. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń tú ẹrù lójú títì láti Ajílété wọ̀lú. Orógbó inú àpò ìyá arúgbó pàápàá, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ni gbogbo wa bá rọ́ sínú rélùwéè. Lọ́jọ́ kan, a dúró fún wákàtí méjì ní Pápálántò, nítorí bàbá ṣì ń mú ọkọ̀ kejì bọ̀ láti Ìláròó. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo bú u. Ó nu òjò ojú rẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀mí yín ló wà lápá mi yìí."

Ṣé mo gbọ́? Mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí pé arúgbó ọ̀lẹ kan ń dá wa dúró. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí àwọn ọ̀gá rélùwéè fi fún un ní kúẹ́rì. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi kó ọ̀ràn bá.

Ibà ti wà lára bàbá nígbà yẹn. Lẹ́tà mẹ́ta ló ti kọ, pé kí wọ́n tún wáyà àmì tó já ṣe, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Òfin kò gbà á láyè láti bọ́ aṣọ náà fún ẹlòmíràn láìsí ìwé ọ̀gá. Ìwé kò dé. Ó ń gba òjò lórí ẹ́ńjìnnì títí di ọjọ́ Àìkú tó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ta ló wá kí ilé òkú? Ẹnì kan péré ni àwọn ọ̀gá rán. Màmá Fẹ́yìsetán, ìyàwó rẹ̀, gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní aṣọ pupa ni wọ́n ní kí òun wá gbà, torí rélùwéè ti dúró.

Màmá wò ó. "Aṣọ lẹ wá gbà? Mo rò pé ikú ọkọ mi lẹ gbọ́."

Aṣọ náà ti wà lápá ẹlòmíràn báyìí, wáyà àmì ṣì já síbẹ̀. Èmi ti jẹ́wọ́ tèmi. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbé lẹ́tà mẹ́ta yẹn jáde, kí ẹ dárúkọ ẹni tó jókòó lé wọn. Ẹ má sọ fún wa pé lẹ́tà ń pẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi dáhùn èyí tí mo kọ.