Ife Kejì Ọmọ Tí Kì Í Dàgbà

Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń pè mí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti ìta, tí n kò rí ojú rẹ̀, mo máa ń dákẹ́ títí yóò fi pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n rò pé etí mi kò gbọ́ràn dáadáa. Etí mi ń gbọ́ràn. Inú ìwé kan ni mo ti kọ́ ọ, ìwé ọmọdé tí kò ju ogójì ojú ewé lọ, n kò sì kà á dé ìdajì rí títí di ọdún yìí.

Ọdún yìí ni àwọn ọmọ ọmọ mi méjì, ìbejì ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, sáré wọlé láti ilé ìwé pé wọ́n ti yan àwọn fún eré ìparí sáà.

Mo ní, "Eré wo?"

Wọ́n dáhùn pọ̀: "Ọmọ tí kì í dàgbà!"

Mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀.

Kò sí ọmọ tó kàwé ní Ìbàràpá tí kò mọ ọmọ tí kì í dàgbà. Tíṣà kan tó gbé ní Igbó-Ọrà níbí ló fi orí ara rẹ̀ ro ó. Inú igi osè ni ọmọ náà ń gbé. Bó bá wọ inú igi kan ní Igbó-Ọrà, inú igi mìíràn ní Tápà ni yóò ti jáde. Kì í lo ọdún tó yẹ kó fi dàgbà. Inú àpò ìko kan ló ń kó àwọn ọdún náà sí. Bí ọyẹ́ bá dé, a máa lọ láti ilé dé ilé, a máa kan fèrèsé, a máa pe àwọn ọmọdé kí wọ́n wá bá òun ṣeré. Ẹni tó bá dáhùn ìpè àkọ́kọ́ yóò bá a lọ. Ẹni tó bá dúró de ìpè kẹta ti bọ́.

Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ̀lú ṣòkòtò kakí tí wọ́n fi aṣọ olódòdó pupa lẹ̀ ní ìdí. Mo mọ ṣòkòtò náà. Ti ìkejì mi tí a jọ jẹ́ ìbejì ni. Etí ìró ìyá wa ni aṣọ olódòdó yẹn.

Ọmọ ọdún méje ni wá nígbà tí èéyi mú àwa méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Èmi dìde. Òun kò dìde. Nílé wa, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ sí ọjà. Gbogbo agbo ilé ṣì ń pe ìyá mi ní Ìyá Ìbejì, òun náà sì ń ṣe ohun gbogbo ní méjìméjì. Bó bá ra àkàrà fún mi, á ra ti ẹni tó lọ sí ọjà. Láràárọ̀, á bu ògì gbígbóná sínú ife méjì, á gbé wọn sí ojú fèrèsé, á sì lọ pọnmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ebi ń pa mí gan-an. Mo mu tèmi tán, mo sì mu tirẹ̀.

Ìyá mi dé láti ìdí kànga, ó rí ife tó ṣófo, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Ó wá! Ẹ wá wò ó o, ọmọ mi wá mu ògì!"

Àwọn obìnrin agbo ilé sáré jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe ológbò?"

Ìyá mi ní, "Ológbò wo ló ń mu ògì tán tí kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀? Ẹ má yọ mí lẹ́nu jàre."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìkejì mi ti lọ, n kò tíì rí eyín rẹ̀. N kò jẹ́wọ́ pé èmi ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún bu ògì, ó tún lọ pọnmi. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹ̀rín yẹn yóò lọ. Mo mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń mu ún láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ̀ pé oúnjẹ olóúnjẹ ni, pé ọjọ́ kan olóúnjẹ yóò wá bi mí.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìwé tíṣà náà jáde, wọ́n sì pín in fún wa ní kíláàsì. Mo kà á dé ibi tí ọmọ náà ti ń kan fèrèsé, tó ń pe orúkọ. Mo pa á dé. Mo mọ ẹni tó ń wá.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọmọbìnrin mi pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní í ṣe eré náà. Ó ṣàlàyé pé torí pé wọ́n jọra ni tíṣà wọn ṣe yàn wọ́n: ọ̀kan á wọ inú igi kan, èkejì á jáde nínú igi kejì, àwọn èèyàn á sì pariwo.

Mo ní, "Wọn ò ní ṣe é."

"Bàbá, eré ni o! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ fún ìdajì ìlú, ìwé ọmọdé lẹ wá ń sá fún?"

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì rí i kí ìbejì kan wọlé kí ó má jáde mọ́. Mo sọ fún un pé màá lọ bá ẹni tó kọ ìwé náà, kí ó bá mi bẹ ilé ìwé kí wọ́n yan ọmọ mìíràn.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó sì ń gbé ní Èrúwà, ìlú ìyàwó rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá a, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ Ìyá Ìbejì ni, ní Igbó-Ọrà."

Ó gbójú sókè. "Ẹni tó ń mu ife méjì."

Mo ní, "Ẹ rí mi, sà?"

"Ṣebí yàrá mi ló dojú kọ fèrèsé yín. Wàá mu tìrẹ wàràwàrà, wàá wá mu tiẹ̀ bí ẹni ń mu àgbo." Ó wò mí. "O ka ìwé mi tán?"

"Rárá, sà. Ibi tó ti ń kan fèrèsé ni mo dé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Háà, ọmọ yìí, o fìyà jẹ ara rẹ! Nítorí rẹ ni mo ṣe kọ ojú ewé tó tẹ̀ lé e."

Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ìwé náà wá. Ó kàn ṣí i ni; orí ló ti ń kà á. Ilé kan wà, ó ní, tí ọmọ tí kì í dàgbà kì í kan fèrèsé rẹ̀, nítorí pé ife méjì wà níbẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀, á ti ọwọ́ bọ àpò, á mú nínú ọdún tí òun kò lò, á rọra dà á sínú ife kejì. Á wá fara pamọ́ sẹ́yìn igi títí ẹni tó kù nílé yóò fi mu ún tán. Bó bá mu ún tán, inú rẹ̀ á dùn, á sì máa lọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un kà."

"Bí ìyá rẹ ṣe wí náà nìyẹn."

Ìyá mi kò mọ̀wé. Tíṣà ní ọjọ́ tí ìwé náà dé, òun kà á fún un lójúde. Nígbà tó dé ojú ewé yẹn, ìyá mi ní kó tún un kà, ó tún un kà, ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kí ni wọ́n wá sọ, sà?"

"Ó dìde, ó ní òun ń lọ ra ṣúgà."

Mo rántí ṣúgà náà. Ọdún tí mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ife kejì bẹ̀rẹ̀ sí dùn, tó sì ń kún dé ẹnu. Tèmi kò dùn. Mo rò nígbà náà pé ó fẹ́ràn ẹni tó lọ sí ọjà jù mí lọ. Bó bá mọ̀ pé èmi ni mo ń mu ún, kò sọ ọ́ fún mi títí ó fi kú, èmi náà kò sì bi í.

Mo wá sọ ohun tí mo bá wá fún tíṣà. Ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ìwé ni mo kọ, n kò kọ òfin."

Mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é. N kò ní í purọ́ pé ẹ̀rù kò bà mí. Lọ́jọ́ eré náà, iwájú ni mo jókòó sí, pápá ilé ìwé kún. Igi méjì tí wọ́n fi páálí ṣe wà níwájú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wọ inú igi òsì. Ẹnikẹ́ni kò tíì jáde. N kò mọ ìgbà tí mo dìde dúró. Èkejì bẹ́ jáde láti inú igi ọ̀tún, gbogbo èèyàn pariwo, ṣùgbọ́n igi òsì ni èmi ń wò.

Nígbà tí eré parí, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà. Ohùn kan pè mí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá!"

N kò rí ojú. Mo dákẹ́.

"Bàbá!"

Mo ní, "Mo wà níbí."

Àwọn méjèèjì yọjú, òógùn bò wọ́n. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé. Ọ̀kan wo èkejì, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì péré!"