Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta Alájì Muftah

Ọjọ́ tí àjọ àgbáyé rán òṣìṣẹ́ wá béèrè ohun tí àwọn ará erékùṣù Bahrain ń fẹ́, díẹ̀ ló kù kí Alájì Muftah ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọba Páṣíà ní òun ló ni erékùṣù náà, Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ní òun ti fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, ni ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù nínú ooru bá dé sí Manama kó lè gbọ́ tẹnu onílé. Ó bá Muftah níwájú ilé kọfí, níbi tó ti ń gbóòórùn ife rẹ̀ bóyá wọ́n ti bu omi là á.

“Bàbá, ṣé òmìnira lẹ fẹ́, àbí Páṣíà?”

Muftah wò ó láti bàtà dé fìlà. “Èló ni òmìnira?”

“Kò lówó, bàbá.”

“Háà!” Muftah fò dìde, ó figbe ta. “Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ wá wo ọkùnrin yìí o! Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, ohun tí wọ́n bá ní kò lówó, òun náà ló máa ń gbówó lérí jù!”

Wọ́n ní gbogbo omi tó wà nínú ìkòkò ilé kọfí ni ọ̀gbẹ́ni náà mu tán kó tó rí ohùn fi tún ìbéèrè rẹ̀ béèrè. Muftah ronú títí, ó ní, “Ó dáa. Kọ òmìnira sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé mò ń wò yín.”

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Muftah kò fi ṣoògùn o. Òun ló ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí o bá kí i pé àlàáfíà fún ọ, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé, “Kí lo gbọ́?”

Nígbà tó ṣì lágbára, péálì, ẹyin funfun olówó iyebíye tí àwọn òmùwẹ̀ ń wú nínú ìkarahun láti ìsàlẹ̀ òkun, ló ń rà tó ń tà. Péálì a máa ní awọ lórí awọ bí àlùbọ́sà. Bí ti òkè bá lábàwọ́n, ọlọ́jà a fi ọ̀bẹ tín-ín-rín bó o, bóyá èyí tó dáa jù wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Muftah ra ọ̀kan tó tóbi bí ojú ewúrẹ́, tó ń dán gbinrin, tí kò lábàwọ́n rárá. Àìlábàwọ́n yẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. “Ohun tó dáa tó báyìí ń fi nǹkan pa mọ́,” ló wí, ló bá mú ọ̀bẹ. Shamma ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Heskel, ọmọ Júù tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì, bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Muftah bó o, ó bó o, títí ó fi ku èérún funfun ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ dànù, ó yíjú sí Heskel tayọ̀tayọ̀. “Ǹjẹ́ n kò sọ? Irọ́ ni látòkè délẹ̀!”

Lẹ́yìn tí Shamma kú ni ọ̀rọ̀ àpótí bẹ̀rẹ̀. Ilé tí obìnrin náà máa ń pe gbogbo àdúgbò sí lọ́jọ́ọ̀bọ̀ ti dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí tọkọtaya náà lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ra aṣọ òkú méjì, wọ́n sì fi omi mímọ́ Sámúsámù fọ̀ wọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀kan sin Shamma. Muftah kó èkejì sínú àpótí igi, ó búra pé bí wọ́n bá fi aṣọ mìíràn sin òun, òun kò ní dárí ji ẹnikẹ́ni lọ́run.

“Àwọn tó ń ta aṣọ òkú,” ló wí, “wọ́n mọ̀ pé bí aṣọ bá kúrú, oníbàárà wọn kò lè padà wá jà.”

Heskel, tó ń ta aṣọ òkú, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

Àgádágodo mẹ́ta ni Muftah fi ti àpótí náà. Ó fún Heskel ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ó fún Mirza ní ọ̀kan, ọmọ Ṣíà tó ń ta èso dàbínù ní ìdojúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Súnì, ìjọ Mùsùlùmí kejì, ni Muftah fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó fún Nọ́ọ̀sì Aleyamma, Kìrìsìtẹ́nì ará Íńdíà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

“Jímọ̀, Mirza wà ní mọ́sálásí,” ó ṣàlàyé fún wọn. “Sátidé, ìwọ aláṣọ wà ní sínágọ́gù. Sọ́ńdè, Nọ́ọ̀sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ráyè gbìmọ̀ pọ̀ láti jà mí lólè?”

“Ọjọ́ Ajé ńkọ́?” Heskel béèrè.

“Lọ́jọ́ Ajé, mo wà nílé.”

Gokaldas tó ń ta turari, tó ń jọ́sìn nílé òrìṣà àwọn ará Íńdíà lẹ́yìn ọjà, bínú pé wọ́n fo òun dá. “Alájì, ṣé ojú olè lẹ rí lára tèmi nìkan ni?”

“Má bínú, ọmọ mi. Ọdún yín ló pọ̀ jù. Olè tí mo bá máa gbà, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan pàtó.”

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, dandan ni kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú kọ́kọ́rọ́ wọn wá fún àyẹ̀wò. Muftah a bu kọfí fún wọn, a gbé àdídùn háláwà síwájú wọn, a jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀ bí adájọ́. A gbé kọ́kọ́rọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, a gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló fọwọ́ kan èyí?”

“Èmi náà ni,” Mirza a dáhùn. “Ta ni ì bá tún fọwọ́ kàn án?”

“Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ wo bí ojú rẹ ṣe máa rí ni.”

Heskel kò gbà pé aṣọ lásán ló wà nínú àpótí náà. Ta ló ń fi àgádágodo mẹ́ta ti ọ̀pá aṣọ kan? Ó fura pé péálì ni. Mirza fura pé Heskel ti mọ̀. Nọ́ọ̀sì fura pé àwọn méjèèjì ti yọjú wò ó. Kí ọdún tó yí po, ìfura Muftah ti ran gbogbo wọn bí ìgbóná.

Lóṣù Ògọ́ọ̀sì tí rédíò kéde òmìnira, gbogbo Manama bọ́ síta, wọ́n ń jó nínú oòrùn tó lè dín ẹja. Muftah kò jó. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Juffair, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń gúnlẹ̀ sí, ó lọ dúró lẹ́nu géètì. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, òógùn bò ó bí ẹni tó bọ́ sódò.

“Ṣé wọ́n ti ń lọ?” Heskel béèrè.

“Wọ́n ní àwọn ń kẹ́rù. Ṣùgbọ́n mo rí àga wọn nílẹ̀.” Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Aláṣọ, fetí sí mi. Ẹni tó dìde tí kò gbé àga rẹ̀, ilé ìtọ̀ ló lọ. Ó ń bọ̀.”

Kí àga náà tó tutù, àwọn Amẹ́ríkà ti jókòó lé e.

“Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Alájì,” Mirza wí lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. “Ìlú kékeré nílò ọ̀rẹ́.”

“Ọ̀rẹ́ tó bá gbé ìbọn tó gùn tó igi dàbínù wá kí mi, dandan ni kí n rẹ́rìn-ín sí i.” Muftah na ìka sí àpótí rẹ̀. “Wò ó, erékùṣù yìí, àpótí ni. Fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́, ó di onílé. Fún ẹni mẹ́ta tí kò fọkàn tán ara wọn, wọ́n á máa ṣọ́ ara wọn, ìwọ á sì ráyè sùn.”

Nọ́ọ̀sì Aleyamma gbé ife sílẹ̀. “Alájì, àwa mẹ́ta yìí ti ń fọkàn tán ara wa o.”

Ojú Muftah yọ bí ẹni tó gbọ́ pé iná ń jó. “Ẹ ti ń fọkàn tán ara yín? Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?”

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan ló kú, lórí àga rẹ̀, ojú kan ṣí díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ẹni tó wá mú un ló ń fura sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ghanim ọmọ àbúrò rẹ̀ kò lè dúró mọ́. “Wọ́n ti wẹ òkú tán. Ẹ jẹ́ ká ra aṣọ lọ́jà.”

“O kò gbọ́ ìbúra rẹ̀ ni?” Mirza wí, ó ń tú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lára láwàní orí rẹ̀. “Èmi kò ní bá ọkùnrin yìí ṣẹjọ́ lọ́run o! Ta ló máa bá mi dá a?”

Nọ́ọ̀sì ti sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Heskel nìkan ló kù.

“Sátidé lòní,” Ghanim wí. “Èèwọ̀ ni fún Júù láti gbé ohunkóhun rìn lójú títì. Kò ní wá.”

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà tí Heskel fi wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti pẹ́ tí Muftah ti bi í pé, “Bí mo bá kú ní Sátidé ńkọ́?” Àwọn àgbà ìsìn Heskel sọ fún un pé ẹrù ni èèwọ̀, aṣọ kì í ṣe èèwọ̀. Ló bá fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣe ìkọ́ bẹ́líìtì. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé bí ó ti ń tú kọ́kọ́rọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ṣòkòtò rẹ̀ ń wálẹ̀.

Ó fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú, ó fi ọ̀tún ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo. Kò yí. Ti Mirza kò yí. Ti Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ wọlé.

“Kọ́kọ́rọ́ èké ló kó fún yín!” Ghanim pariwo. “Títí ó fi kú, kò fọkàn tán ìkankan nínú yín!”

Ọ̀rọ̀ náà gún Heskel láyà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn! Ó fi ìbínú fa àgádágodo àárín. Ọmọrí àpótí sì ṣí wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Wọ́n wò ó dáadáa. Àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò so mọ́ nǹkan kan. Ara ọmọrí lásán ni Muftah fi wọ́n kọ́ sí, bí yẹtí.

Kò sí péálì kankan níbẹ̀. Aṣọ òkú ló wà níbẹ̀, ó funfun, ó ń ta sánsán. Agolo háláwà kan jókòó tì í, tí wọn kò tíì ṣí, fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

“Irọ́ ni látòkè délẹ̀,” Mirza wí.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ògiri. Heskel fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀, ó rántí ṣòkòtò, ó fi ọ̀kan nù ún.

Aṣọ náà gùn tó Muftah, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n padà wá sínú yàrá náà láìpe ara wọn. Nọ́ọ̀sì ṣí agolo háláwà. Heskel gbé kọ́kọ́rọ́ Mirza sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló fọwọ́ kan èyí?”

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Ghanim wọlé láti kó ẹrù ilé. Ó mú àga onírọ̀gbọ̀kú náà lápá.

“Gbé e sílẹ̀,” Heskel wí.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹni tó ni ín ti lọ.”

“A mọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé àga rẹ̀.”