Màmá Àkànó Ná Ọjà ní Pápákọ̀ Òfurufú

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Màmá Àkànó ní Ladi-Lak ní Bariga, ní Èkó, ẹ̀rín ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọn yóò tó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ àdín àgbọn yẹn ni wọ́n ń rántí.

Ọdún 2007 ni, ọdún tí ìjọba alágbádá kan kọ́kọ́ gbé ọ̀pá àṣẹ fún òmíràn láìsí ṣọ́jà láàárín. Folúkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ti bí àkọ́bí rẹ̀, Dọlápọ̀, sí ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Màmá tẹ̀ ẹ́ láago láti Bariga, ó ní kí nọ́ọ̀sì kankan má wẹ ọmọ náà o.

"Ẹ kàn máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára," ó ní. "Ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ. Mò ń bọ̀."

Fúnra rẹ̀ ló rin àgbọn, tó fún un, tó dín in títí àdín fi yọ. Ó rọ ọ́ sínú ike omi ńlá kan, ó fi láílọ́ọ̀nù wé e, ó sì gbé e sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, nítorí kò fọkàn tán àwọn tó ń ju ẹrù sí abẹ́ bàálù. Bó ṣe gbé e kúrò ní Èkó, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀. Àmọ́ bàálù kan ṣoṣo kò lè gbé e dé Houston. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú òyìnbó kan kó tó wọ òmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n sì tún ti ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò. Òyìnbó kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù gbé ike náà sókè, ó mi orí.

"Madam, one hundred millilitres only."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú Màmá Àkànó. Bàtà ọmọdé ló ń tà ní Fádèyí láti ìgbà tí Folúkẹ́ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lójú tirẹ̀, iye tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí bá kọ́kọ́ pè fún ọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀, ojú onítọ̀hún kò tíì là. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó fún gèlè mọ́rí.

"Oga, make e be five hundred."

"One hundred, madam."

"Four hundred. Na because of your fine face o."

"Madam, it is one hundred."

"Ah-ah! Ṣé o ò ní ìyá ni? Three-fifty, last!"

Òyìnbó náà kò yí ohùn padà. Màmá wá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ń ná ọjà ní Fádèyí mọ̀. Ó pòṣé, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń retí kí ó pe òun padà. Ó rìn, ó tún rìn. Ó fi igun ojú wẹ̀yìn. Òyìnbó kò pè é. Ó ti gbé ike àdín sókè orí garawa ìdọ̀tí. Ló bá sáré padà.

"Oga, wait! If e dey for body nkọ́? You go commot am for body?"

Òyìnbó rò ó díẹ̀, ó ní ohun tó bá wà lára èèyàn kò kan òfin. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Màmá gba ike rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè, ó da àdín sí irun, ó fi pa apá, ó fi pa ẹsẹ̀ dé orúnkún, síbẹ̀ àdín kò tíì dín kù dé ìlàjì. Ó bá kọjú sí àwọn tó tò sórí ìlà.

"Ẹ mú ọwọ́ wá. Bring hand! Kò ní ṣòfò lójú mi."

Àwọn kan sá. Àwọn kan rò pé ó wà lára àyẹ̀wò ni, wọ́n na ọwọ́.

Folúkẹ́ ní tirẹ̀ dúró ní pápákọ̀ òfurufú Houston, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Ó rí àwọn èrò tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ara wọn ń dán. Bàbá òyìnbó kan jáde, orí rẹ̀ tó pá ń kọ mànà. Ọmọge kan kọjá, òórùn àgbọn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Folúkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí Màmá yọ, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Gbé ọmọ wá kíá, kó tó gbẹ!"

Ó gba Dọlápọ̀, ó tú aṣọ lára rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fi apá ara rẹ̀ pa ọmọ náà lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Folúkẹ́ ti fojú kan ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ẹni tí kò rí Màmá Àkànó níbi tó ti ń wẹ ọmọ kò tíì rí ìwẹ̀. Á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé ojúgun. Á fi kànìnkànìn bó o, á fi omi gbígbóná tẹ oríkèé rẹ̀, á na apá, á na ẹsẹ̀, á sì jù ú sókè kó má baà di ojo. Bó ṣe ń ṣe é ló ń bẹ ọmọ náà. "Má sunkún mọ́, ó ti parí. Ó ku ẹ̀yìn nìkan." Ẹ̀yìn náà kì í tán bọ̀rọ̀. Ọmọ́wálé, ọkọ Folúkẹ́, tó jẹ́ ọmọ Ṣómólú, tó sì máa ń ní kò sí ohun tí ojú òun ò rí rí, kò lè dúró wò ó. Inú mọ́tò ló ń lọ jókòó sí, á tan rédíò sókè títí igbe yóò fi dá.

Kò sì sí ohun tí Màmá kì í ná. Pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Màmá dìde nínú ìjọ, ó ní kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ kan àtààbọ̀. Dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, Màmá ní kó jẹ́ kí òun máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Màmá gbà pé wọ́n ti fẹnu kò.

Nígbà tí Folúkẹ́ lóyún Bámilóyè ní ọdún 2010, Màmá ti kọ́gbọ́n. Ó lọ bá Sabina, aládùúgbò rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó gba àwọn ìgò kéékèèké tí oògùn ikọ́ ti tán nínú wọn. Ó sè wọ́n, ó pín àdín sí wọn, ó tò wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, bí òfin ti wí. Ó ní òyìnbó ni ojú yóò tì lọ́tẹ̀ yìí.

Àdín kọjá wẹ́rẹ́. Òrí tó rà ní Onípànù ni kò kọjá. Inú ike ìpara àtijọ́ kan ló kó o sí, kò sì ju ìsàlẹ̀ ike lọ, àmọ́ ike fúnra rẹ̀ tóbi ju ohun tí òfin gbà lọ. Obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò fi ìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Look inside!" Màmá pariwo. "Inú rẹ̀ ni kí o wò! Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí èmi nìkan ń gbé, ṣé èèyàn mẹ́wàá lo máa kà níbẹ̀?"

Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ilé ló kà, kò ka èèyàn.

Màmá bá tún rántí òfin ti ara. Ó kó òrí náà sí orí, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ àárín irun dídì, ó wé gèlè lé e. Lójoojúmọ́ ní Houston, kí ó tó wẹ Bámilóyè, á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún Folúkẹ́, Folúkẹ́ á sì fi òòyà fa òrí jáde díẹ̀díẹ̀.

"Rọra o," Màmá á ní. "Má kó o tán. Ọ̀la ń bọ̀."

"Mọ́mì, irun yín fẹ́ omi o."

"Bí ara ọmọ bá ti gbó, màá fọ̀ ọ́."

Láti kékeré, orí Folúkẹ́ ló máa ń wà láàárín orúnkún ìyá rẹ̀ fún irun dídì. Ìgbà yìí ló kọ́kọ́ rí àárín orí ìyá tirẹ̀. Irun ibẹ̀ ti funfun, ó ti fẹ́lẹ́. Ó wù ú kó sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má padà sílé mọ́." Kò sọ ọ́, ó sì dùn ún títí di òní pé kò sọ ọ́.

Lọ́dún 2013, oyún kẹta dé. Màmá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àdín ti wà nínú ìgò. Folúkẹ́ kò fẹ́ ju ohun méjì lọ. Ó fẹ́ kí ọmọ yìí rí ọwọ́ tó wẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá ń ná oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí níbẹ̀, kò sì bá wọn fọwọ́ sí i. Màmá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fádèyí, kò jí mọ́.

Oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án. Dókítà Houston ní Folúkẹ́ kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Folúkẹ́ ní kó jẹ́ kí òun lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà kọ̀. Folúkẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta péré, kí òun kàn lè da yẹ̀pẹ̀ sí ibojì ìyá òun. Dókítà kọ̀. Folúkẹ́ dìde, ó gbé báàgì, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà kò pè é padà.

Bí wọ́n ṣe sin Màmá Àkànó láìsí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Sabina gbé fóònù sókè láàárín èrò kí Folúkẹ́ lè gbọ́. Ẹnì kan ń sọ ìtàn àdín, ẹnì kan ń já a gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo àdúgbò. Folúkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, òun nìkan, nínú kíṣìnnì rẹ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ wọn?" Sabina bi í. "Gbogbo èèyàn ló wá, Folúkẹ́. Ìwọ nìkan la ń wá."

Fóònù já. Àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló bí obìnrin. Wọn kò jíròrò orúkọ. Yétúndé ni Ọmọ́wálé pè é bó ṣe fojú kàn án. Nọ́ọ̀sì fẹ́ wẹ̀ ẹ́, Folúkẹ́ ní kó jọ̀ọ́ kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé e. Ẹ̀rù ń bà á. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jù ú sókè, àdín tó rí rà nítòsí kò sì ní òórùn kankan. Yétúndé la ẹnu láti ké, ó wo ojú Folúkẹ́, ó sì pa ẹnu náà dé.

Folúkẹ́ tú ìkúùkù ọmọ náà, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ yín lọ́nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún díẹ̀. Ó bu omi sọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rọra dà á sí ọmọ náà léjìká.

"Ẹ ti wẹ ọmọ tó, Mọ́mì. Ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ yín."