Ọwọ́ Bàbá Mi Lẹ́nu Ààrò

Ní àdúgbò wa l'Ágége, kò sẹ́ni tó nílò aago kó tó jí láàárọ̀. Òórùn búrẹ́dì ló ń jí wa. Á gba ojú fèrèsé wọlé, á wọnú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, itọ́ á sì ti kún ẹnu wa kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbègbè yẹn nígbà tiwa ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè irú òórùn tí mò ń wí: ìyẹ̀fun, ṣúgà, àti igi tó ń jó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo la ojú, mo fa imú, mo sì fò dìde. Búrẹ́dì ń jóná, bàbá mi ló sì wà nídìí ààrò.

Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó. Békìrì Àlàájà kan tó wà lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti di ọ̀gá. Ààrò tó wà níbẹ̀ tóbi tó yàrá kékeré kan. Wọn á kó igi sínú rẹ̀, á jó títí, wọn á gbá ẹyin iná jáde, lẹ́yìn náà ni wọn á wá ti páànù búrẹ́dì wọlé. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń wọn ooru. Bàbá mi á ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè, wọn á na ọwọ́ ọ̀tún sínú ẹnu ààrò, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. Bí ooru bá lé ọwọ́ wọn jáde lẹ́yìn Bísímílà, ààrò ti gbóná jù, wọn á dúró kó rọlẹ̀. Bí wọ́n bá kà á dé Àmín láìyọwọ́, ó ti tutù jù, wọn á tún igi kó sí i. Bó bá jẹ́ àárín ni ooru ti lé ọwọ́ wọn, wọn á ní, "Ẹ kó o wọlé."

Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ yẹn ju ojú àti etí wọn lọ. Aṣọ tí màmá mi bá rà, wọn á fọwọ́ pa á kí wọ́n tó wo àwọ̀ rẹ̀. Tí a bá ń jiyàn lórí ohunkóhun nínú ilé, wọn á ní, "Ẹ bi ọwọ́ léèrè." Màmá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Bàbá Ráfátù, ó kù kí ẹ máa fi ọwọ́ gbọ́ wáàsí."

Búrẹ́dì tó jóná láàárọ̀ yẹn ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ bàbá mi dé békìrì, Àlàájà ti wà níbẹ̀, ó mú búrẹ́dì kan dání, ìdí rẹ̀ dúdú bí èédú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo.

"Bàbá Ráfátù, àwọn kọ́sítọ́mà ti ń yà sí békìrì òdìkejì o. Mi ò fẹ́ bá yín fa nǹkan kan. Àmọ́ tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má bínú sí mi, màá fa ààrò yìí lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ni."

Bàbá mi ní igi tí wọ́n ń kó wá ti gbẹ jù. Wọ́n ní ìyẹ̀fun tuntun yẹn gan-an kò dáa. Àlàájà fi búrẹ́dì náà sórí tábìlì, ó sì jáde. Bàbá mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé wá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ láyé nìyẹn, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, n ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, oríkunkun mi sì ju ọjọ́ orí mi lọ. Mo pinnu pé èmi ni màá wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Lójú tèmi, bàbá mi ti ń sáré ka Fátíhà ni. Bí èèyàn bá sáré kà á, á dé Àmín kí ooru tó mú un, á sì rò pé ààrò tutù. Mo ń lọ sí ilé kéwú nígbà yẹn, mo mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n fà á. Àárọ̀ ọjọ́ méjì ni mo fi dúró lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, tí mò ń kà á tẹ̀lé wọn lábẹ́ ahọ́n. Ọjọ́ méjèèjì náà la jọ dé Àmín. Wọn ò sáré rárá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé igi kò pọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, búrẹ́dì ò jóná. Ibi tí mo ti ya òmùgọ̀ ni pé mo lọ sọ ohun tí mò ń ṣe fún wọn.

"Èmi ni o wá ń ṣọ́, Ráfátù? Kéwú tí mo ti ń kà kí n tó mọ ìyá ẹ?"

Eré ni mo sá dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà.

Ọyẹ́ ló wá tú àṣírí. Tí ọyẹ́ bá mú, màmá mi máa ń gbé omi àlùwàlá kaná fún bàbá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbàgbé omi náà lórí iná títí ó fi hó. Wọ́n bù ú sínú búútà, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wọlé lọ wá omi tútù tí wọ́n máa là á. Kí wọ́n tó jáde padà, bàbá mi ti jókòó sórí àpótí. Èmi ń gbálẹ̀ lágbàlá. Mo rí èéfín omi náà bó ṣe ń rú. Bàbá mi dà á sí ọwọ́, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n rọra ń fọ̀ ọ́ bí ìgbà tó jẹ́ omi ẹ̀rọ. Wọ́n wá bu díẹ̀ sẹ́nu. Igbe tí wọ́n ké kó gbogbo ilé jáde. Wọ́n tu omi náà dànù, ètè wọn pupa.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni, Màmá Ráfátù?"

Màmá mi ń bẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ ni èmi ń wò ní tèmi. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ ti fi omi yẹn fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Bàbá mi wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Awọ ibẹ̀ ti yi bí awọ bàtà. Wọ́n bá ìyókù àlùwàlá lọ, wọ́n kírun, wọ́n mú fìlà, wọ́n sì gba békìrì lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Màmá mi pè mí, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n gbá ẹyin iná jáde, bàbá mi na ọwọ́ wọlé, wọ́n kà á dé Àmín. "Ó tutù," ni wọ́n wí, àmọ́ ohùn wọn ò le. Kí wọ́n tó fa ọwọ́ jáde, mo ti na tèmi wọlé. Mi ò tíì parí Bísímílà tí mo fi fò sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ọmọdé nìyẹn," ni bàbá mi wí.

"Tiyín náà sì ńkọ́, Bàbá? Omi híhó lẹ fi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n bu ìyẹ̀fun díẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n fọ́n ọn sórí ilẹ̀ ààrò. A jọ bẹ̀rẹ̀, a ń wò ó. Ká tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dúdú, òórùn rẹ̀ ta wá nímú. Bàbá mi rẹ àpò sínú omi, wọ́n fi nu ilẹ̀ ààrò kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n tún fọ́n ìyẹ̀fun. Ó ṣì dúdú. Wọ́n tún nu ún. Ìgbà kẹrin ni ìyẹ̀fun náà rọra pọ́n bí èèpo ẹ̀pà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní ká kó o wọlé.

Búrẹ́dì náà jáde, ó pupa dáadáa. Bàbá mi mú ọ̀kan, wọ́n gbá ìdí rẹ̀, wọ́n fi etí sí i láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ jinná, wọ́n sì gbé e lọ bá Àlàájà fúnra wọn. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Àlàájà, kì í ṣe ẹjọ́ igi. Ọwọ́ mi ló ti kú. Àmọ́ ojú mi ṣì ń ríran, imú mi ṣì ń gbóòórùn. Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n ṣiṣẹ́."

Àlàájà bu búrẹ́dì náà jẹ. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi wà nídìí ààrò yẹn, tí wọ́n ń fọ́n ìyẹ̀fun láràárọ̀.

Ìgbéraga mi pọ̀ lẹ́yìn náà. Mo gbà pé ọwọ́ tèmi ló jàre. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ọwọ́ mi díwọ̀n ààrò ni, búrẹ́dì tí kò jinná la ò bá kó jáde, torí awọ ọmọdé ń sá fún ooru tí búrẹ́dì nílò. Àwa méjèèjì la ṣì í.

Lónìí, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan n'Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń bójú tó ooru ààrò wọn. Nọ́ńbà ló ń tàn lójú ẹ̀rọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun á ní, "Màdáámù, ẹ̀rọ ti sọ ọ́." Èmi á ní kí wọ́n ṣẹ́ bisikíìtì kan, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí sí Màdáámù Ẹ-Tún-Un-Wò. Mi ò bínú sí i.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí èmi Màdáámù ṣe. Ọ̀dọ̀ mi l'Ábúlé Ẹ̀gbá ni bàbá mi ń gbé báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fi omi gbígbóná fọ abọ́, mo sì ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, báàgì mi ti wà léjìká. Ọmọ mi obìnrin wá, ó ní ara òun ò yá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án níwájú orí.

"Ara ẹ ò gbóná. Ilé ìwé lo fẹ́ sá fún. Lọ wọ bàtà."

Bàbá mi pè é sọ́dọ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọn ò na ọwọ́ sí i. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan tiẹ̀, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"Ó gbóná, Ráfátù."

"Bàbá, mo ti fọwọ́ kàn án."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. Èéfín omi gbígbóná ṣì ń rú lára rẹ̀.

"Má gba tèmi nìkan gbọ́. Ìwọ náà wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án."

Ojú tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gbálẹ̀ lágbàlá l'Ágége ì bá ti rí èéfín yẹn. Mo nu ọwọ́, mo kúnlẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ti ọmọ mi. Ó ń jó fòfò. Mo gbé báàgì iṣẹ́ mi sílẹ̀.