Tíṣà Tó Gbá Mi Létí Lọ́nà Koro

Pàṣán tíṣà obìnrin tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé ìjọ kì í sinmi. Bí a bá ń ròyìn àná lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò fi ohun tó ṣáájú hàn, ẹ̀yìn wa á bó.

Lọ́jọ́ tí ajínigbé yìnbọn lọ́nà Koro, àwọn èèyàn lu ọlọ́kadà kan, wọ́n ní òun ló gbé àwọn ajínigbé náà wá, wọ́n da bẹntiróòlù lé e lórí. Mo ti wà níbẹ̀ kí ìbọn tó dún, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Tíṣà, tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi, já wọ àárín wọn, ó gbá mi létí: "Sọ̀rọ̀, òpònú! Nígbà tí ìbọn dún, níbo ni ọlọ́kadà yìí wà?"

"Kò tíì dé, Mà."

Ọlọ́run ṣeun, wọ́n tú u sílẹ̀ láàyè. Ká ní mo tètè sọ̀rọ̀ ni, ojú rẹ̀ kan kì bá tí fọ́.